Àgbàdo Tó Fa Láfún Lọ́wọ́

Àlàmú, ọkùnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti tìrẹ jọ bí ìbejì. Jókòó kí n sọ tiẹ̀ fún ọ. Má dọ̀bálẹ̀ mọ́, èyí tí o ti ṣe lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọ́, ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé ọ jáde lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn parọ́ fún ọ.

O ní kí n yọ̀ǹda ilé ńlá tí ọkọ mi ń sá tábà sí nígbà ayé rẹ̀, kí o kó àgbàdo kún un, kí o ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, kí o wá jókòó tì í títí yóò fi wọ́n gógó. Mo ní àwọn ènìyàn ńkọ́? O ní àgbàdo adìẹ ni, kì í ṣe ti ènìyàn. O ní láfún la ń jẹ ní ìlú wa níbí, pé kò sí ẹni tí yóò pa lára. Họ́wù, Àlàmú! Ṣé ẹnu tí mo ń fi oúnjẹ bọ̀ ní kékeré náà lo fi ń sọ bẹ́ẹ̀? Inú ń bí mi gan-an, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Àmọ́ n kò ní bú ọ. Àkàwé ni n ó fi dá ọ lóhùn, tí mo bá sì parí, wàá máa lọ.

Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, ọmọ Òkè-Ògùn bíi tiwa ni. Kì í ṣe òṣìkà láti inú ìyá rẹ̀ wá. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì gbọ́njú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ. Ọmọge ni ẹ̀gbọ́n náà nígbà yẹn. Ọkọ tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ẹ sọ pé òun ò lè gbé ìyàwó kí òun tún gbé àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n ní ó dáa, kí ó máa lọ. Ó ṣẹ́gi tà, ó bá wọn bó pákí ní oko olóko, ó fi tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà. Láfún ló ń rò fún un láàárọ̀, láfún náà ló ń rò fún un lálẹ́, nítorí pé ìdílé wọn kì í jẹ àgbàdo.

Fetí sí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Èèwọ̀ ìdílé wọn ni. Wọn kì í jẹ ẹ̀kọ, wọn kì í mu ògì, àgbàdo sísè tàbí sísun kì í kan ẹnu wọn. Ìyàwó tuntun tí wọ́n bá gbé wọlé, kí ó tó tú ẹrù rẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ ọ́ fún un. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á bó. Àwọn ọ̀dọ́ inú ìdílé náà ti ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, tí wọ́n bá dé ìlú ńlá wọn á jẹ guguru. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n yìí kò fi ṣeré rí. Ó ní ohun tí ìyá òun kò jẹ, òun náà kò ní jẹ ẹ́ títí òun á fi lọ bá a.

Àbúrò wá dàgbà, ó di oníṣòwò. Òwò wo ló sì mú? Àgbàdo! Ó ní jíjẹ ni èèwọ̀, pé títà kì í ṣe èèwọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a jà sí i. Nígbà náà, ẹ̀gbọ́n ti lọ́kọ sí ìlú mìíràn, ọkọ náà ti kú, ó sì ń dá gbé nínú yàrá kan tí ọkọ fi sílẹ̀, tí páànù rẹ̀ ń jò. Àbúrò máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọjọ́ tí òun bá rí tajé ṣe gidi, ilé ni òun máa kọ́kọ́ kọ́ fún ẹ̀gbọ́n òun. Mo gbà pé ó ń sọ ọ́ tọkàntọkàn, kí ó tó ṣe ohun tó ṣe.

Ọdún kan dé, òjò dá láìtọ́jọ́. Ọkùnrin yìí rí i pé àgbàdo kò ní pọ̀. Ó múra, ó ń ti oko dé oko, ó ń ra àgbàdo lórí ìdúró lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí nǹkan ti sú. Ó ra ti apá òkè, ó ra ti apá odò. Nígbà tí wọ́n kórè tán, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ilé kan, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò sòkòtò rẹ̀. Àwọn oníṣòwò mìíràn rí i, wọ́n ní ọgbọ́n nìyẹn, àwọn náà ti tiwọn.

Ìyàwó rẹ̀ bi í, ó ní, "Baálé mi, ebi kò ní pa àwọn ènìyàn báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ebi wo? Ẹni tí kò bá rí àgbàdo, kí ó jẹ gàrí. Ẹni tí kò bá rí gàrí, kí ó jẹ láfún. Tiwa kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ilé wa kì í jẹ àgbàdo. Bó wọ́n, bó pọ̀, kò kàn wá."

Kò kàn wá! Ṣé o gbọ́ ọ, Àlàmú? Òun fi èèwọ̀ ìdílé bojú, ìwọ fi adìẹ bojú. Àwáwí yín yàtọ̀, ìwọra kan náà ni. Ọkùnrin náà rò pé ibi tí ẹnu àwọn ènìyàn òun kò bá dé, ìyà ibẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó kàwé o, ó mọ ìṣirò ju èmi lọ, àmọ́ kò mọ̀ pé oúnjẹ kì í dá rìn.

Wò ó bó ṣe lọ. Àgbàdo pòórá lọ́jà. Ìyá ẹlẹ́kọ da ìkòkò rẹ̀ dé. Àwọn tó ń fi ògì ṣínu láàárọ̀ wá sáré sídìí gàrí. Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn aládìẹ ńkọ́? Adìẹ kì í gbààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní adìẹ rẹpẹtẹ kò ní máa wò ó kí ó kú. Ó pẹ́ tí àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìẹ ti mọ̀ pé a lè lọ pákí gbígbẹ mọ́ ọn bí àgbàdo kò bá sí. Wọ́n bá rán ọkọ̀ akẹ́rù jáde. Ìwọ náà mọ bí àwọn obìnrin wa ṣe ń sá pákí sórí àpáta, tó máa ń funfun láti òkèèrè. Ọkọ̀ á lọ dúró sí etí àpáta náà, wọn á ní, "Ẹ kó o wá bẹ́ẹ̀, àti gbígbẹ àti tútù, a ó rà á."

Gàrí àti láfún, ta ni ìyá wọn? Pákí kan náà ni. Bí pákí ṣe gbówó lórí, gàrí gbówó lórí, láfún sì tẹ̀lé e. Kódà ọkà bàbà tí ẹnikẹ́ni kì í kí lọ́jà wa, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣakọ. Ohun tó bá ojú ló bá imú. O rí i pé àgbàdo nìkan ni ọkùnrin yẹn fọwọ́ kàn. Kò fọwọ́ kan pákí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n àgbàdo tó gun òkè, ó ti fa láfún lọ́wọ́ kí wọ́n jọ máa lọ.

Ọ̀wọ́n náà kò sì dúró sí ìlú rẹ̀ nìkan. Ìlú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé jìnnà, ọjà mìíràn ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ti àgbàdo mọ́lé ní ìlú yẹn, pákí sì ṣì wà nínú oko wọn. Ṣé ìyẹn dá wọn dúró? Fóònù ló kọ́kọ́ débẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Obìnrin kan á pe èkejì, á ní, "Ẹ̀yin ò tíì gbọ́ ni? Kí lẹ ṣì ń tà á ní iye àná sí?" Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, iye ti yí padà ní ọjà méjèèjì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọlọ́kọ̀ wá dé, tó ń wá pákí kiri bí ẹni tó sọ owó nù.

Ọkùnrin wa jókòó sílé, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ń béèrè iye àgbàdo láàárọ̀, ó ń béèrè rẹ̀ lálẹ́. Wọ́n bá a dúnàádúrà, ó ní kò tíì tó. Ó ti ń ronú irú páànù tí òun máa fi kan ilé ẹ̀gbọ́n òun. Kò pè é lórí fóònù láti béèrè ohun tó ń jẹ. Kí ló fẹ́ béèrè? Ṣebí láfún ni wọ́n ń jẹ, ṣebí àgbàdo ló wọ́n!

Báyìí, Àlàmú, n ó sọ ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Inú ilé yìí lo ti rí bí a ṣe ń ṣe láfún. A ó bó pákí, a ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó fi sílẹ̀ títí yóò fi rọ̀ tí omi náà á máa hó, tí á máa rùn. Òórùn yẹn kò dára, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí pé oró inú pákí ti ń jáde. Kò sí ìyá tó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní láfún ṣíṣe tí kò kọ́ ọ pé omi kò ṣeé kánjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́kọ̀ ń fun fèrè létí àpáta, ta ló fẹ́ dúró de omi? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o láàárọ̀, wọ́n á rì í bọ omi bí ẹni wẹ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a. Ọlọ́kọ̀ kó èyí tó dára lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, tó run, tó fọ́, ni wọ́n lọ tí wọ́n ń tà fún ènìyàn ní láfún.

Ẹ̀gbọ́n yìí wà lára àwọn tó ń rà á, nítorí pé òun ni agbára rẹ̀ ká. Gbogbo àdúgbò ló ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn rí ẹja fi jẹ ẹ́, àwọn mìíràn ń rí ẹ̀wà jẹ mọ́ ọn. Mọ́sálásí àdúgbò náà tún rí àgbàdo díẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni rere kan. Wọ́n ń po ògì láràárọ̀ fún àwọn arúgbó àti opó, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Gbogbo wọn ń gbé abọ́ lọ. Aládùúgbò rẹ̀ wá kan ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ bọ́ síta ká lọ gba ògì." Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìdílé wa kì í mu ún." Aládùúgbò ní, "Nígbà ebi náà?" Ó ní, "Ebi kọ́ ló fi òfin náà lélẹ̀." Láfún tí wọ́n fi ìkánjú ṣe yẹn nìkan ló wá ń jẹ, pẹ̀lú ata àti iyọ̀, lówùúrọ̀ àti lálẹ́.

Wọ́n pe àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kí ó máa bọ̀ kíákíá, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bì, òòyì ń kọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọkùnrin náà sáré dé. Ó bá a lórí ẹní, ó ti gbẹ. Obìnrin yìí la ojú, ó rí i, o mọ ohun tó kọ́kọ́ sọ? Ó ní, "Ọkọ mi, o ti jẹun?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Wọ́n ti pe nọ́ọ̀sì wá, nọ́ọ̀sì náà sì wo láfún tó kù nínú abọ́. Ó ní láfún yìí ni, wọn kò rẹ pákí rẹ̀ dáadáa, pé ó ti rí irú rẹ̀ ní ilé mìíràn lọ́sẹ̀ náà. Ó ní kí wọ́n wá ọkọ̀ gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀kan lára àwọn aládùúgbò sáré lọ wá ọkọ̀. Dípò kí ọkùnrin náà jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìbínú gbé e dìde. Ó ní ta ló ta láfún náà fún un? Wọ́n júwe obìnrin kan lọ́jà. Ó gbé abọ́ láfún náà dání, ó di ọjà.

Ó bá obìnrin náà nídìí àtẹ rẹ̀. Ó da láfún náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Apààyàn ni ọ́! O fẹ́ pa ìyá mi!"

Obìnrin náà wo láfún nílẹ̀, ó wo ọkùnrin náà lójú. Ẹ̀rù kò bà á, ó jọ pé òun náà ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wo ìyá sàn. Ṣùgbọ́n ẹ má pè mí ní apààyàn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta láfún, ẹ béèrè, kò pa ẹnikẹ́ni rí. Omi ni mo máa ń rẹ ẹ́ sí títí á fi rọ̀. Ní ìsinsìnyí, tí mo bá rẹ pákí, kí n tó yọ ọ́ jáde, owó pákí á tún ti gòkè, n kò sì ní rí òmíràn rà. Ọmọ mẹ́rin ló ń dúró dè mí nílé. Ta ló ń bá wa du pákí tẹ́lẹ̀? Àgbàdo ni adìẹ ń jẹ. Àwọn kan ló jókòó síbì kan tí wọ́n ti àgbàdo mọ́lé, àwọn ni apààyàn. Àwọn ni kí ẹ lọ da láfún yìí sí lára!"

Gbogbo àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta gàrí dìde, ó tú ìborùn rẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Ẹni tó ti àgbàdo mọ́lé tó fi sọ wá dà báyìí, ẹni tó fẹ́ràn jù láyé ni yóò jẹ nínú rẹ̀!" Gbogbo ọjà ní, "Àmín!" Ìyá náà wá yíjú sí ọkùnrin yìí, ó ní, "Ọ̀gá, ìyá yín ló ń ṣàìsàn. Ẹ̀yin ló tọ́ sí láti ṣe é jù. Ẹ ṣe àmín."

Gbogbo wọn ń wò ó. Tí kò bá ṣe é, wọn á bi í pé kí ló dé. Kọ́kọ́rọ́ ilé àgbàdo wà lápò rẹ̀ bó ṣe dúró yẹn. Ó la ẹnu rẹ̀, ó ní, "Àmín."

Nígbà tó padà dé ilé, ọkọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe mọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò ti káwọ́ lérí. Aládùúgbò tó bá a sọ̀rọ̀ ògì ní ìyá béèrè rẹ̀ kí ó tó dákẹ́, ó ní ṣé àbúrò òun ti lọ wá nǹkan jẹ ni.

Má wá sọ fún mi pé èpè ló jà o. Mo mọ irú yín, ẹ fẹ́ràn kí ẹ fi nǹkan ti èpè, kí ẹ lè sọ pé ọ̀tá ló ṣe é. Èpè kọ́. Kí wọ́n tó ṣépè ni láfún náà ti wà níkùn rẹ̀. Àgbàdo tó tì mọ́lé ló rìn láti ìlú kan dé èkejì, ó gba ìdí adìẹ, ó gba orí àpáta, ó gba inú omi tí wọn kò dúró dè, ó sì dé inú abọ́ ẹni tí kò jẹ àgbàdo rí láyé rẹ̀.

Ó padà sílé lẹ́yìn ìsìnkú, ó ṣí ilé náà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó o, iye tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó mú wá. Ẹ̀rù ba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣí tiwọn náà kí ọjà tó fọ́ mọ́ wọn lórí. Àgbàdo bọ́ sílẹ̀. Àwọn aládìẹ padà sídìí àgbàdo, ọlọ́kọ̀ kúrò létí àpáta, láfún náà bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tún ń rẹ pákí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa rẹ ẹ́. Wọ́n jọ gòkè ni, wọ́n sì jọ sọ̀kalẹ̀. Obìnrin tó wà nínú ilẹ̀ kò gbọ́ pé láfún ti pọ̀.

Àkàwé mi parí, Àlàmú. Gbé ojú rẹ sókè, èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀.

O ní àgbàdo adìẹ ni. Adìẹ tí o bá gba àgbàdo lẹ́nu rẹ̀, kí ni yóò jẹ? Ṣé olówó rẹ̀ á máa wò ó kó kú ni? Oúnjẹ ẹlòmíràn ni wọn yóò wá rà fún un, owó wọn sì ju ti ẹni yẹn lọ. O ní ìlú wa kì í jẹ ẹ̀kọ tó bẹ́ẹ̀. Ìlú wo ló dá dúró? Ìwọ tó ní fóònù méjì lọ́wọ́, tí o ń gbọ́ iye ọjà gbogbo kí o tó fọ ẹnu láàárọ̀, o ò mọ̀ pé ibi tí iye yẹn ti ń wá ni ìyà náà ń gbà? O mọ̀ ọ́n. Èrè rẹ̀ lo fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí ìyókù máa lọ sí ilé onílé. Ìwà ìkà ni, n kò sì ní wá orúkọ mìíràn fún un torí pé ọmọ mi ni ọ́.

Má sọ fún mi pé o fẹ́ fi èrè rẹ̀ tún ilé mi ṣe. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rẹ, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n n ò fẹ́ ẹ. Ilé tábà ọkọ mi, ewúrẹ́ ni yóò máa sùn síbẹ̀. Bí o bá rí ilé ẹlòmíràn gbà, agbára mi kò ká ọ, o ti dàgbà. Ṣùgbọ́n wò mí dáadáa kí o tó lọ. Wo ẹnu mi. Eyín mélòó lo rí níbẹ̀? N kò lè jẹ iṣu mọ́, n kò lè fọ́ ẹ̀wà, ẹran ti di ìtàn. Láfún ni wọ́n ń rò fún mi láàárọ̀ àti lálẹ́, ọjà yìí náà ni wọ́n sì ti ń rà á. Ọjọ́ tí o bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ àgbàdo, kí o mọ̀ pé ẹnu mi yìí lo tì. Dìde, máa lọ.